Ẹyin Awó Tí Mo Pè Ní Èèwọ̀

Mo ti dìde nídìí tábìlì yìí lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yìí, mo sì ti padà jókòó lẹ́ẹ̀mẹta. Bí mo bá tún dìde, n kò ní kọ ìwé yìí mọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kíá kí ẹ̀rù tó tún bà mí. Èèwọ̀ tí ẹ̀yin ìyàwó ará Kétu ń pa mọ́ ní Dapoya, àdúgbò wa ní Ouaga níbí, pé ìyàwó tí kò tíì bímọ kò gbọdọ̀ jẹ ẹyin, kò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀dọ̀, kò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀wà, kì í ṣe èèwọ̀ àwọn baba wa. Èmi Honorine ni mo dá a sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1962. Kò sí ẹni tí ó kọ́ mi. Mo mọ ìdí tí mo fi dá a sílẹ̀, mo sì mọ ẹni tí ó pa lára. Mo fẹ́ kí katikísì wa ka ìwé yìí sókè lẹ́yìn ìsìn, kí Raphaël àbúrò mi àti Odette ìyàwó rẹ̀ jókòó níwájú, kí katikísì má sì fo ìlà kankan nítorí ìtìjú.

Ẹ mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹni tí ìyà ti jẹ kì í pariwo, ó máa ń kà á sínú ni. Ọmọ méjì ni mo bí ní Kétu. Èkíní kú ní oṣù kẹwàá ọdún 1951. Èkejì kú ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì ọdún 1954, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ó pé ọdún kan. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ọkọ mi lọ sí Abidjan, kò sì ránṣẹ́ sí mi títí di òní. Raphaël, tí ń tún kẹ̀kẹ́ àti moto ṣe lójú ọ̀nà Gounghin, ló ní kí n máa bọ̀ ní Ouaga. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó lórí àpò iyọ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù, títí itan mi fi bó. Ó fún mi ní yàrá kan nínú àgbàlá rẹ̀, yàrá oníwíńdò kan, ó sì ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ sinmi.” N kò tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo ń ta òwú, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnì ní ọjà Sankaryaré lọ́sàn-án, mo sì fi ọdún mẹ́ta lọ sí ilé-ìwé alẹ́ àwọn Fadà. Nígbà tí mo jáde, èmi nìkan ni mo mọ ìwé kà nínú àgbàlá wa. Gbogbo ìwé tó bá wọlé, ọwọ́ mi ló ń bọ́ sí. Ọlọ́run ló fún mi ní ìmọ̀ yẹn. Ẹ wo ohun tí mo fi ṣe.

Raphaël gbé Mọ́rọ́nfọ́lá níyàwó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960. Ọmọ Ṣakí ni, bàbá rẹ̀ ń ta aṣọ nígbà náà ní Sankaryaré. Ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi, á ní, “Ọkọ mi, ẹ kú ojúmọ́,” gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tí wọ́n tọ́ dáadáa ti í pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Ó fẹ́ràn àwàdà. Ṣùgbọ́n ọdún méjì kọjá, inú rẹ̀ kò ga. Àwọn obìnrin ìdí kànga kò dákẹ́. Ọ̀kan wí fún un lójú mi pé, “Ìyàwó, ṣé oòrùn ilẹ̀ Mọsí yìí ni kò jẹ́ kó hù ni?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó gbé omi rẹ̀, ó sì lọ sunkún ní balùwẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1962 mo mú un lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí kan tí wọ́n ń pè ní Mariama. Mọ́rọ́nfọ́lá kò gbọ́ Faransé, Mooré, èdè àwọn Mọsí, tí ó gbọ́ kò sì kọjá ti ọjà, nítorí náà èmi ni ògbufọ̀. Mariama fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sísàlẹ̀, ó wò ó, ó mi orí. Ó bi í ní ohun tí ó ń jẹ. Gaarí ni láàárọ̀, tô olóòkèlè àwọn Mọsí pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá ṣíṣàn lálẹ́. Agbẹ̀bí náà mú ìwé, ó kọ ọ́ sílẹ̀: ẹyin kan lóòjọ́, ẹ̀dọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ̀wà, ẹja, ewé tútù, ọsàn. Ó ní, “Madame, sọ fún un pé oògùn kọ́ ni mo fún un. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Kí ó jẹun bí ẹni tó ń retí àlejò. Bó bá lóyún, kí ó tún máa jẹ ẹ́ lọ.” A dúpẹ́, a ní “Barka”, a sì jáde. Mo ka ìwé náà fún un bó ṣe wà. Mo búra, ní ọjọ́ náà mo kà á bó ṣe wà. Ó ní, “Ọkọ mi, ẹ tún un kà,” ó ń ka àwọn oúnjẹ náà sórí ìka ọwọ́ rẹ̀ títí a fi délé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi jẹun dáadáa. Ẹyin awó kò wọ́n ní ìlú yìí. Àwọn obìnrin Mọsí ń sè é, wọ́n ń gbé e káàkiri pẹ̀lú iyọ̀ àti ata. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara rẹ̀, ó ní, “Ọkọ mi, bí n kò bá bímọ, n ó kúkú yé.” Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Raphaël dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ń fi ọ̀pá wọn ògiri. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí ọmọ bá dé, yàrá yín yìí ló sún mọ́ tiwa jù. A ó wá ibì kan fún yín ní Gounghin, lọ́dọ̀ àwọn ìyá àgbà tó ń dá gbé níbẹ̀, d'accord?” Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Ayọ̀ ló ń sọ ọ́. Mo ní, “D'accord.” Ṣùgbọ́n ara mi kò balẹ̀ mọ́ láti ìṣẹ́jú náà. Mo ń gbá ilẹ̀ tí mo ti gbá. Mo ń ṣí àpótí, mo ń pa á dé. Mo ń rí ara mi lórí àpò iyọ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo bá Mọ́rọ́nfọ́lá ní àgbàlá, ó ń bó ẹyin. Mo ní, “Ìyàwó, kí lò ń jẹ yẹn?” Ó ní, “Ẹyin tí Madame agbẹ̀bí wí ni, ọkọ mi.” Mo ní, “Áà! Ṣé wọn kò sọ fún ọ? Ìyàwó tí kò tíì bímọ kì í jẹ ẹyin nílé wa. Àwọn baba wa kò fẹ́ ẹ.” Ó ti bù ú jẹ lẹ́ẹ̀kan. Ó tu èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré lọ fi omi fọ ẹnu. Kò béèrè ìdí. Ẹ̀yin náà mọ̀ bó ṣe rí: ìyàwó tó bá wọ ilé ọkọ, èèwọ̀ ilé ọkọ di tirẹ̀. Ká ní Kétu ni a wà, ìyá ilé mẹ́wàá ni ì bá gbọ́ irọ́ yẹn, tí wọn ì bá sì fi mí ṣẹ̀sín. Ní Dapoya, èmi nìkan ni ìyá ilé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan mo fi ẹ̀dọ̀ kún un. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀wà. Mo ń tẹ̀ lé ìwé agbẹ̀bí ní ìlà kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ká ìrẹsì ní poro kọ̀ọ̀kan. Ìwé tí wọ́n kọ láti fi gbà á là, òun gan-an ni mo fi ń mọ ohun tí n ó gbà lẹ́nu rẹ̀.

Raphaël fi Kétu sílẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò mọ èèwọ̀ kankan. Síbẹ̀ ó ní kí a bi Bàbá Ọ̀ṣọ́ léèrè, àgbà kan láti ìlú wa tí ń gbé ní kọ̀rọ̀ mọ́sálásí. Mo sáré ṣáájú wọn. Mo bá a, mo ní, “Bàbá, ẹyin tí ìyàwó wa kò ní jẹ mọ́, ta ni yóò máa jẹ ẹ́?” Ó lóye. Nígbà tí Raphaël dé, ó gbọn irùngbọ̀n, ó ní, “Ẹyin? Èèwọ̀ ni, èèwọ̀ pọ́ńbélé! Ẹ̀dọ̀ ńkọ́? Ìyẹn tún burú jù. Ẹ gbé wọn wá sọ́dọ̀ mi, kí n bá yín gbé èèwọ̀ kúrò nílé.” Láti ìgbà náà, ó ń wá jókòó nílé wa lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Mọ́rọ́nfọ́lá fúnra rẹ̀ ló ń bu ẹ̀dọ̀ sínú àwo fún un, á sì yí imú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí òórùn rẹ̀ má baà wọ òun.

Ó rù. Ó dákú lẹ́ẹ̀kan nínú ọjà, ní ọjọ́ kẹta oṣù kìíní ọdún 1963. A padà sọ́dọ̀ Mariama. Agbẹ̀bí náà bínú, ó ní, “Ṣé ó ń jẹ ohun tí mo kọ?” Mọ́rọ́nfọ́lá bi mí pé, “Kí ni Madame wí?” Mo ní, “Ó ní kí o ní sùúrù.” Mo yíjú sí agbẹ̀bí, mo ní ní Faransé, “Ó ní òórùn wọn ń rìn ín lọ́kàn, kò lè jẹ wọ́n.” Ẹ gbọ́ o, mo dúró láàárín obìnrin méjì tí wọ́n ń fẹ́ ohun kan náà, mo ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní irọ́ tirẹ̀.

Síbẹ̀ ó lóyún, ní ìparí ọdún náà. Ìlú kò tíì rí irú ayọ̀ Raphaël. Ẹ óò rò pé mo jáwọ́. N kò jáwọ́. Bí mo bá jáwọ́, wọn yóò béèrè ibi tí èèwọ̀ lọ. Mo ní títí yóò fi bí ni. Ní oṣù kẹrin oyún, ó wá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, ètè rẹ̀ funfun. “Ọkọ mi, ẹ bá mi bẹ àwọn baba yín. Ẹyin kan péré. Ọ̀fun mi ń fà á tí n kò fi lè sùn.” Mo ní, “Ṣé o fẹ́ pa ohun tí ń bẹ nínú rẹ ni?” Ó dìde, ó ní kí n má bínú. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára rẹ̀. Oyún náà kò dúró.

Nígbà tí Mọ́rọ́nfọ́lá lè rìn, Raphaël pè wá jọ sábẹ́ igi nínú àgbàlá: òun, èmi, Bàbá Ọ̀ṣọ́. Kò tíì bi í ní nǹkan kan tí Mọ́rọ́nfọ́lá fi dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Ó ní, “Ẹ̀yin ọkọ mi, ẹ forí jì mí. Èmi ni mo pa ọmọ yín. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ náà, mo ra ẹyin awó kan ní Sankaryaré. Ọ̀kan ni, kì í ṣe méjì. Mo kọjú sí ògiri, mo jẹ ẹ́. Mo rò pé àwọn baba kò ní rí mi ní ìlú onílùú.” Raphaël fi ọwọ́ bo ojú. Bàbá Ọ̀ṣọ́ wò mí, mo sì rí i pé ó fẹ́ la ẹnu sọ̀rọ̀. Ibí yìí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi tó burú jù, ẹ fetí sí i dáadáa. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá gbà á là, ó wà ní ahọ́n mi. Mo ṣáájú bàbá náà, mo ní, “Ó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Kí la tún fẹ́ gbọ́?”

Wọ́n dá a padà sí Ṣakí ní ọjọ́ kẹwàá. Èmi ni mo bá a di ẹrù rẹ̀. Kí ó tó gun ọkọ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Ẹ ṣé, ọkọ mi. Ẹ kìlọ̀ fún mi, etí mi ló di.” Bàbá Ọ̀ṣọ́ kò jẹun nílé wa mọ́. Ó kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e láìsọ ohunkóhun.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti kú tẹ̀ lé e. Irọ́ kì í kú bí àgbàlagbà. Ìtàn Mọ́rọ́nfọ́lá tàn ká, àwọn ìyàwó ará Kétu yòókù sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa èèwọ̀ náà mọ́. Odette wọlé wa lọ́dún tó kọjá. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó ti ilé ìgbẹ̀bí dé pẹ̀lú ìwé, ó ń sọ ohun tí wọ́n ní ó wà nínú rẹ̀: ẹyin, ẹ̀dọ̀, ẹ̀wà. N kò tíì la ẹnu tí Raphaël fi gba ìwé náà, ó ní, “Ẹyin kọ́! Ẹ̀gbọ́n, ẹ ka èèwọ̀ ilé wa fún un.” Mo gbọ́ pé Victoria aládùúgbò wa, tí í ṣe ará Nàìjíríà, pàápàá ti ń fi í lélẹ̀ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó ní àwọn ará Kétu kò lè máa pa nǹkan mọ́ lásán. Láàárọ̀ àná mo se ẹyin méjì, mo gbé e fún Odette. Mo sọ fún un pé irọ́ ni mo pa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ti àwo náà padà. Ó ní, “Ọkọ mi, ẹ má dán mi wò. Mo mọ ìtàn ìyàwó tó ṣáájú mi.”

Mo fi gbogbo òru rìn nínú àgbàlá. Irọ́ mi ti lágbára ju èmi fúnra mi lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ katikísì kí ó kà á níwájú gbogbo ènìyàn. N kò sọ pé ẹyin kan ni ì bá mú oyún náà dúró. Ọlọ́run nìkan ló mọ ìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ebi ni mo fi pa á, mo sì jẹ́ kó gbé ẹ̀bi rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń lọ sí ilé-ìwé, bí wọ́n bá gbé ìwé lé yín lọ́wọ́ kí ẹ kà á fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà, ẹ rántí pé ẹ̀mí rẹ̀ ni wọ́n gbé lé yín lọ́wọ́. Ẹni tó bá sì ń lọ sí Ṣakí nínú yín, ẹ wá Mọ́rọ́nfọ́lá rí. Ẹ má sọ fún un pé mo kí i. Ẹ sọ fún un pé kò pa ọmọ kankan, pé ẹyin awó tó jẹ lọ́jọ́ náà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Raphaël, bí wọ́n bá kà á dé ibí yìí, má tíì wò mí. Ìyàwó rẹ ni kí o wò. Mú ẹyin, bù ú jẹ lójú rẹ̀, kí o sì fún un ní ìyókù. Ẹ̀bẹ̀ fún ara mi pọ̀, n kò mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Odette kọ́kọ́ jẹun.