Ẹja Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Màdáámù

Láyé ìgbà tí owó epo rọ̀bì kún ìlú, tí àwa sì ń tò bí ọmọ iléèwé nítorí kẹrosíìnì ní Ìsọlọ̀, mo gbọ́ tí ọmọbìnrin kan ń bá ìyá àgbà tó wà níwájú mi sọ̀rọ̀. Ọmọ-ọ̀dọ̀ ni.

"Màmá, ọ̀gá mi gbé ẹja òkun méjì bọ̀ láti òkè òkun, akọ àti abo, pupa bí epo, tó ní ìlà funfun lára. Inú àpótí gíláàsì ni wọ́n ń sìn wọ́n ní pálọ̀. Mo fín oògùn ẹ̀fọn lánàá, mo sì tilẹ̀kùn bá a ṣe máa ń ṣe. Mi ò rántí pé ẹ̀rọ kan ń fa afẹ́fẹ́ pálọ̀ sínú omi wọn. Abo ti kú."

"Ẹja lásán lo torí ẹ̀ ń gbọ̀n báyìí? Kúnlẹ̀, kó o bẹ̀ wọ́n."

"Orúkọ ara wọn ni Màdáámù, ìyàwó ọ̀gá mi, sọ abo yẹn, Màmá. Wọn á ní ikú wọn ni mò ń wá."

"Màdáámù ọ̀hún dà?"

"Wọ́n wà lọ́sibítù látàná, wọ́n ń rọbí. Wọn ò tíì bí."

Wọn ò tíì bí. Ìyá yẹn rọra fa gálọ́ọ̀nù rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọ náà.