Omi Àlùwàlá tí Iná Ẹlòmíràn Ń Fà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ra. Ẹ̀yin ìyá tó wà lẹ́yìn aṣọ, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba tó jẹ́ kí ojú wa tún rí ara wa lónìí, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa. Wáàsí tòní kò gùn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá: àbòsí tí wọ́n ṣe sí ọ kò sọ tìrẹ di halálì. Bí ẹnìkan bá rẹ́ ọ jẹ, ẹni yẹn ni kí o lọ bá. Aládùúgbò rẹ kọ́ ló ṣe é. Ṣé ó yé wa?

Mo rí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn. Ìwọ tí wáyà ilé rẹ gba ẹ̀yìn mítà kọjá, má wo ojú mi, ilẹ̀ ni kí o máa wò. Ìtàn yìí kàn ọ́.

Ní ìlú Ìwó, ọkùnrin kan wà tó ń ta páànù ìkọ́lé. Alájì Múfútáù ni wọ́n ń pè é. Kò sí ohun tó fẹ́ràn láyé yìí tó ìyá rẹ̀, Àwáwù. Nígbà tí ìyá náà kú, Ìyá Nímọ̀tá, tí ilé rẹ̀ fara ti mọ́ṣáláṣí, ló wẹ òkú rẹ̀. Òun ló ń wẹ òkú obìnrin ní àdúgbò náà. Ẹ sì mọ irú ẹni tí wọ́n ń pè síṣẹ́ yẹn. Ẹni tó ní amánà ni. Ohun yòówù tó bá rí lára òkú, inú rẹ̀ ló ń gbé e sí títí òun náà yóò fi wọ sàréè.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Alájì gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ sí ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí. Ó gbé táńkì ńlá sókè, ó kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà pé: SÀRÁÀ FÚN ÀWÁWÙ. Ohun tó fẹ́ ni pé kí láádá gbogbo ẹni tó bá fi omi yẹn ṣe àlùwàlá máa bá ìyá òun níbi tó wà. Ṣé ohun tó dára kọ́ nìyẹn? Ohun tó dára ni.

Ṣùgbọ́n iná ló ń fa omi. Ọmọ Alájì kan tó mọ̀wé bá a ṣètò rẹ̀ ní báńkì pé kí iléeṣẹ́ iná máa yọ owó wọn fúnra wọn lóṣooṣù, kí bàbá má baà máa tò lórí ìdúró. Níbẹ̀rẹ̀, ó dùn mọ́ Alájì. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó ṣọ́ọ̀bù kan tí Alájì ti kó kúrò níbẹ̀ tipẹ́ mọ́ owó pọ́ǹpù. Nígbà tó tún yá, wọ́n yọ owó oṣù kan lẹ́ẹ̀mejì. Alájì gba ọ̀dọ̀ wọn lọ.

"Alájì, ẹ má bínú, kọ̀ǹpútà ló yọ ọ́. Àwa kọ́."

"Ta ló ni kọ̀ǹpútà?"

"Ẹ lọ bá báńkì yín."

Ó dé báńkì. "Alájì, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa yọ ọ́. Ọ̀dọ̀ oníná ni kí ẹ padà sí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé wọ́n ṣe àbòsí sí i àbí wọn ò ṣe é? Ẹ dáhùn, èmi ò wá bá ògiri sọ̀rọ̀! Wọ́n ṣe é. Mi ò ní í gbè sẹ́yìn oníná lórí àga yìí.

Inú bí Alájì. Ó ní kí báńkì dá a dúró, kò sí owó fún oníná mọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé àkàbà dé, wọ́n já iná pọ́ǹpù. Táńkì gbẹ. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé omi àlùwàlá nínú kẹ́tù wá láti ilé. Bí Alájì ṣe ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ tí ẹnìkan ń bi ẹnì kejì pé, "Àbí sàráà Àwáwù ti parí ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn gún un dé ọkàn. Ó ń ṣe é bíi pé òǹgbẹ ń gbẹ ìyá rẹ̀ nínú ilẹ̀, tí òun sì dúró tí òun ń wò ó.

Wáídì tó máa ń bá a tún wáyà ṣe ló wá fọgbọ́n lọ̀ ọ́. "Alájì, ẹ̀yìn ògiri yìí ni ilé Ìyá Nímọ̀tá. Iná wà níbẹ̀. Màá so ó mọ́ tiwọn, màá sì ri wáyà náà mọ́lẹ̀. Ta ni yóò rí i?"

Alájì wo táńkì gbígbẹ náà. Ó ní, "Títí oníná á fi tún ọ̀rọ̀ mi ṣe ni o."

"Títí wọ́n á fi tún un ṣe náà ni," Wáídì dáhùn.

Ẹ̀yin èèyàn, Ṣàyìtánì kì í sọ fún ọ pé kí o lọ jalè. Ó mọ̀ pé o ò ní í gbà. "Títí" ló máa ń sọ sí ọ létí. Títí owó á fi wọlé. Títí nǹkan á fi dára.

Omi padà dé. Àdúà rọ̀jò lé Alájì lórí. Ìyá Nímọ̀tá pàápàá gbé kẹ́tù rẹ̀ wá síbi ẹ̀rọ, ó ní, "Múfútáù, Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ ẹ. Ọmọ tìẹ náà á rántí ẹ." Alájì yíjú sí ibòmíràn, kò ṣe àmín.

Kò pẹ́ tí ìyá náà fi wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù páànù. "Múfútáù, gbà mí. Owó iná mi ti fò sókè. Ọmọ mi tó wà ní Kàdúná ló ní kí báńkì rẹ̀ máa san án, wọ́n sì ti fẹ́ẹ̀ fá a lórí tán. Ó pè mí lánàá, ó ní, 'Ìyá, ṣé búrẹ́dì lẹ ń yan ni?' Gílóòbù kan àti fáànù kan ni mo ní!"

Kí ni Alájì wí? Ó ní, "Ẹ ṣe sùúrù, Ìyá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún gbogbo wa nìyẹn."

Ẹ gbọ́ ọ! Ó ní kó ṣe sùúrù. Sùúrù tí Ọlọ́run ń yìn, òun ló fi bo olè mọ́lẹ̀.

"Mi ò lè ṣe sùúrù lórí owó ọmọ mi," Ìyá Nímọ̀tá ní. "Màá ní kí wọ́n wá yẹ mítà wọn wò."

Alájì lè yọ wáyà yẹn lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n fìdáù ọdún kan ìyá rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bí omi bá gbẹ lójú àwọn àlùfáà ńkọ́? Ó ní ó di ẹ̀yìn fìdáù.

Ẹ̀yìn fìdáù ò dé bá a. Àwọn àlùfáà ti jókòó, Alájì wà láàárín wọn pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, nígbà tí ọkọ̀ oníná dúró níwájú ilé Ìyá Nímọ̀tá. Wọ́n yẹ mítà wò, kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀kan nínú wọn rí ibi tí ilẹ̀ ti rí jákujàku lẹ́bàá ògiri. Ó gbẹ́ ẹ díẹ̀, ó fà, wáyà ń jáde. Ó ń fà á bọ̀, àwọn èèyàn ń tẹ̀ lé e, títí ó fi dé ìdí pọ́ǹpù, lábẹ́ orúkọ Àwáwù.

"Ìyá," ọ̀gá wọn pariwo, "ẹ̀yin lẹ kọ̀wé pé mítà wa ń purọ́, ẹ sì ń ta iná lábẹ́ ilẹ̀ fún ibi tí a ti já iná!"

"Èmi kẹ̀? Mo tà á fún ta ni?"

Ọkùnrin náà yíjú. "Alájì, ẹ̀yin lẹ ni pọ́ǹpù yìí. Ṣé ẹ ń sanwó iná fún ìyá yìí ni?"

Gbogbo ojú bá wà lára Alájì. Bó bá ní rárá, olè ni, lọ́jọ́ ìyá rẹ̀, lójú àwọn àlùfáà. Bó bá sì ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyá náà ni yóò ru ẹ̀bi. Ìka rẹ̀ dúró lórí tẹ̀sùbáà, kò lè ka èyí tó kàn.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Alájì Múfútáù wí.

Lá ìláhà illà lláhù!

Ìyá Nímọ̀tá wò ó, ó wò ó títí. Ó ya ẹnu, ó wo àwọn àlùfáà, ó wo orúkọ tó wà lára táńkì, ó pa ẹnu náà dé. "Ó dáa," ló sọ, ó sì wọlé. Wọ́n já iná rẹ̀. Àwọn obìnrin ń pòṣé lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Owó omi àlùwàlá ló ń jẹ! Ó tún ń sunkún owó iná!"

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, obìnrin kan kú ní àdúgbò. Àdúgbò mìíràn ni wọ́n ti lọ wá ẹni tí yóò wẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ẹni tó lè purọ́ lórí iná, àwọn ò lè fi àṣírí òkú àwọn sí i lọ́wọ́. Alájì wà nínú àwọn tó gbé òkú náà lọ sí ibojì. Bí wọ́n ṣe ń kọjá, ó rí Ìyá Nímọ̀tá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó ti wẹ ọwọ́, ó ká aṣọ funfun sórí itan, ó ń retí kí wọ́n wá pe òun. Wọ́n gbé òkú kọjá níwájú rẹ̀.

Láti ibojì, ilé ìyá náà ni Alájì gbà lọ, ó wólẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò fọhùn?"

"Ọjọ́ ìyá ẹ ni. Mi ò lè tú ọmọ Àwáwù síta lójú àwọn tó wá tọrọ àforíjì fún un." Ó ká aṣọ funfun náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ohun tí mo bá sì rí lára òkú, mi ò kì í sọ. Mo wò ẹ́ lọ́jọ́ náà, Múfútáù. Òkú ni mo rí."

Alájì ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Mo ti yọ̀ǹda iná. Ọ̀rọ̀ tó o sọ yẹn ni mi ò lè yọ̀ǹda, torí kò sí lọ́wọ́ mi. Etí àwọn èèyàn ló wà. Lọ gbà á padà létí wọn."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Alájì dìde. Ó ní, "Èmi ni mo jí iná Ìyá Nímọ̀tá. Kò tà á fún mi. Mo purọ́ mọ́ ọn." Àwọn kan dìde, wọ́n jáde. Alájì kò jókòó títí gbogbo wọn fi gbọ́ ọ. Ó lọ gba ẹ̀bi ní iléeṣẹ́ iná, ó dá owó ọmọ ìyá náà padà, wọ́n sì dá iná rẹ̀ padà. Ẹjọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú wọn, ó gbé e lọ sílé ẹjọ́, níbi tó yẹ kó ti kọ́kọ́ gbé e lọ.

Ó wá ku ohun kan tí kò jẹ́ kó sùn. "Ìyá, gbogbo ìgbà tí iná yín fi ń fa omi yẹn, ṣé láádá rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyá mi?"

"Iná ta ni?"

"Iná yín ni."

"Ta wá ni yóò ni láádá?"

Alájì bú sẹ́kún. Sàráà tó tìtorí rẹ̀ jalè, òun kọ́ ló ń ṣe é!

"Dákẹ́," ìyá náà ní. "Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fa wáyà yẹn jáde ni mo ti bá Ọlọ́run sọ ọ́. Mo ní èyí tó bá jẹ́ tèmi níbẹ̀, kó gbé e fún Àwáwù. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ gbẹ̀yìn. Kò ṣẹ̀ mí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ gbọ́? Alẹ́ ọjọ́ tí ọmọ purọ́ mọ́ ọn ló ṣe sàráà fún ìyá ọmọ. Bí oníná bá rẹ́ ọ jẹ, pariwo, kọ̀wé, pè wọ́n lẹ́jọ́, mo wà lẹ́yìn rẹ. Ṣùgbọ́n kí o tó fi omi kan ojú fún àlùwàlá lọ́la, bi ara rẹ léèrè ohun tó fà á wá.

Ọlọ́run Ọba, má jẹ́ kí ìbínú wa sọ wá di alábòsí. Èyí tí a ti mú lára aládùúgbò wa, fún wa ní ẹsẹ̀ tí a ó fi gbé e padà kí alùkìyáámọ̀ tó dé. Má sì jẹ́ kí ẹni tí yóò wẹ òkú wa rí òkú lára wa nígbà tí a ṣì wà láàyè. Àmín.