Wọ́n Ní Ohùn Bàbá Já Bọ́ Lọ́wọ́ Mi

Èmi ni wọ́n ní kí n fọwọ́ síwèé pé ó já bọ́ lọ́wọ́ mi, Màmá. Èmi tí mo ti ń ṣọ́ yàrá yìí láti ọdún mọ́kàndínlógún, tí abẹ́rẹ́ ò já bọ́ lọ́wọ́ mi rí níbẹ̀. Ẹ jókòó ná. Ẹ gbé báàgì yín sórí tábìlì, kò kúkú sí nǹkan kan lórí tábìlì náà mọ́. Mo mọ ohun tí ẹ bá wá. Mo ti rí fìláàṣì kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ yín láti ẹnu ọ̀nà, ẹ dì í mú bí ẹni di ọwọ́ ọmọ mú sọdá títì. Ohùn bàbá lẹ bá wá, kí ọmọ ọmọ yín tó wá kí yín lè gbọ́ bí bàbá àgbà rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rojọ́ tèmi, torí tí mo bá ti ìparí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ ìyókù.

Rárá o, mi ò sọ pé ó ti sọnù. Ẹ farabalẹ̀, Màmá. Mo ní mi ò sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń dun ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ọkọ yín fi sọ̀rọ̀ nílé iṣẹ́ rédíò yìí kí wọ́n tó kú ní ọdún méje sẹ́yìn. Bàbá Olóhùn-Iyọ̀. Àwọn tí kò rí ojú wọn rí mọ ọjọ́ tí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe wọ́n. Gbogbo rẹ̀ wà lórí téèpù, téèpù sì ti ń bu, ni mo bá jókòó, mo ń dà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Téèpù wákàtí kan, wákàtí kan gbáko lẹ máa fi gbọ́ ọ, kò sí bí ẹ ṣe lè kán an lójú. Ọdún méjì àbọ̀ ni mo fi ṣe é. Ohùn ọkọ yín ni mò ń gbọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, débi pé mo délé lọ́jọ́ kan, mo kí ìyàwó mi, ó ní ta ni mò ń ka ìròyìn fún. Bí mo ṣe parí báyìí, wọ́n kó àwọn téèpù náà, wọ́n jó wọn nínú àgbàlá. Wọ́n ní a ti ní kọ̀ǹpútà, kí la tún fẹ́ fi pàǹtí ṣe.

Ibo ló wá wà? Inú háádì ni. Ẹ wo ọ̀kan, àpótí irin pẹlẹbẹ, kò ju ìwé àdúrà lọ. Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń kó gbogbo ohun tí ẹ bá fún un pa mọ́ sí. Mẹ́fà ni wọ́n, mo tò wọ́n léra sínú àpótí kan. Awo kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ń yí tọ̀sán-tòru, ohun tó bá sì ń yí láìsinmi á gbóná, tó bá sì gbóná, ẹ fẹ́ ẹ. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé ìyẹn le? Adìẹ tó wà ní gbangba, tí oòrùn bá mú, á la ẹnu, á na ìyẹ́ apá, kò lọ yunifásítì. Ọmọ tí ara rẹ̀ bá ń gbóná, ìyá wo ló máa gbé e sún mọ́ ààrò?

Àwọn ọ̀gá wa ni.

Torí nígbà tí bàbá ṣì wà níbí, amúlétutù kékeré kan wà lára ògiri yẹn, ibi tí pákó yẹn wà. Bàbá fúnra wọn ló jà fún un. Yàrá yìí máa ń tutù nini, suwẹ́tà ni mo máa ń wọ̀ ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù, bàbá ti da omi náà síwájú. Ni ọ̀gá wa tuntun bá dé. Ẹ mọ̀ wọ́n dáadáa, ilé yín ni wọ́n ti ń jẹun nígbà tí bàbá ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ka ìròyìn. Àlejò ńlá kan wá kí wọn lókè, àlejò làágùn. Ọ̀gá wo àlejò, wọ́n wo òkè àjà, wọ́n ní níbo ni amúlétutù míì tún wà nílé yìí. Wọ́n wá síbí. Wọ́n bi mí pé ta ló ń gbé inú yàrá yìí tó nílò amúlétutù. Mo ní háádì ni, sà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, ṣé háádì ń làágùn ni?

Ẹ ò rí ọgbọ́n. Nǹkan tí kò bá làágùn, ooru ò mú un. Bí wọ́n ṣe fi ọpọlọ dé ipò ọ̀gá nìyẹn.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n yọ ọ́, wọ́n kan pákó dí ojú ihò rẹ̀. Ẹ sì wo ògiri, Màmá, ẹ fọwọ́ kàn án. Fóòmù ni gbogbo rẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀ níbí, kí ariwo títì má baà wọlé. Fèrèsé kò sí. Ooru tó bá wọ yàrá yìí ti di onílé, kò mọ̀nà àbájáde.

Ṣé mo dákẹ́? Mo kọ̀wé. Ìwé kìíní, wọ́n ní àwọn ti rí i. Ìwé kejì, wọ́n ní kí n ya fọ́tò ooru náà mọ́ ọn. Mo búra fún yín, ó wà ní àkọsílẹ̀, kí n ya fọ́tò ooru. Ìwé kẹta, wọ́n ní kí n máa ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ilẹ̀kùn tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ níwájú pé a ò gbọdọ̀ ṣí i sílẹ̀ nígbà kankan, ẹ rí i bí ẹ ṣe ń wọlé, ẹni tó fọwọ́ sí ìyẹn náà ló fọwọ́ sí èyí.

Mo wá lọ gbé fáànù wá láti ilé mi. Fáànù orí tábìlì kan ṣoṣo tí a ní. Ìyàwó mi ní ṣé kọ̀ǹpútà ti bímọ fún mi ni, àwọn ọmọ mi ń fi èèpo ìwé fẹ́ ara wọn. Mo gbé fáànù náà kojú àwọn háádì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ara wọn balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ni akọ̀wé ọ̀gá bá sọ̀ kalẹ̀ wá. Ó ní òun fẹ́ yá a fún ìṣẹ́jú márùn-ún, òun kun èékánná, kò tètè gbẹ. Ẹni tó ń jókòó sínú ọ́fíìsì tí amúlétutù ti di méjì o. Mo ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìṣẹ́jú márùn-ún náà ò tíì pé, Màmá. Oṣù kẹrin rèé tí a ti ń kà á.

Èyí tó wá dùn jù ni pé àwọn ará ibi iṣẹ́ mi ṣàwárí pé ooru náà wúlò. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ka ìròyìn gbọ́wọ́ lé orí àpótí náà, ó ní áà, ó ń lọ́wọ́ọ́rọ́. Ló bá lọ gbé abọ́ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ wá. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa parí, abọ́ ti di mẹ́rin. Nígbà òjò, ẹnì kan sá ìbọ̀sẹ̀ sí i. Mo lé wọn, wọ́n padà wá, mo bú wọn, wọ́n ní kí n má ya ahun, ṣé ooru náà máa tán ni? Kí n ṣá ti jáde lọ tọ̀, bí mo bá padà dé, ìrẹsì ẹlòmíì ló ń lọ́wọ́ọ́rọ́ lórí ohùn ọkọ yín.

Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ má fi dùn mí. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó yá, ẹ̀rọ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ń kùn, ó ń gbọ̀n, ìgbẹ̀yìn ló ti dé sí i yẹn. Ọjọ́ méjì péré ni mo gbà láti mú ọmọ mi lọ síléèwé tó ń gbé. Ìyá tó ń gbálẹ̀ fún wa wọlé, wọ́n bá a níbi tó ti ń gbọ̀n. Wọ́n ní ó mà ṣe o, òtútù ti mú un. Wọ́n lọ mú aṣọ ìbora wọn, èyí tó nípọn, wọ́n dà á bò ó, wọ́n ki igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sábẹ́ bí ẹni tẹ́ ọmọ jòjòló. Màmá, pẹ̀lú gbogbo ìbínú mi, mi ò lè bínú sí wọn. Nínú gbogbo ilé iṣẹ́ yìí, àwọn nìkan ló ṣàánú ẹ̀rọ náà.

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni mo dé. Láti ọ̀ọ̀kán ni mo ti gbóòórùn rẹ̀. Mo ṣí aṣọ, irin náà gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Márùn-ún yè é. Àwọn ìpolówó ọṣẹ wà níbẹ̀ digbí. Bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá sọ lọ́jọ́ ìwúyè tiwọn, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mọ́kànlá, kò sí ohun tó ṣe é. Ẹyọ kan tó wà láàárín, tí ooru gbogbo ìyókù ń rọ́ lù, òun ló kú. Ó kàn ń dún tá, tá, tá. Ẹ̀yin náà mọ ohùn ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ gba ìnujú yìí. Ẹ sunkún tó bá ń gbẹ̀kún, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran, ibi tó kù ni mo fẹ́ kí ẹ wò.

Mo paná rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mi ò dán an wò lẹ́ẹ̀kejì. Mo fi aṣọ dì í, mo gbé e lé itan nínú ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó jẹ́ pé irú rẹ̀ ló ń tún ṣe, nínú yàrá tí eruku ò gbọdọ̀ dé. Ó fi etí sí i, bí dókítà. Ó ní ohùn náà ṣì wà níbẹ̀ gbogbo rẹ̀, ọwọ́ tó ń kà á ló kán. Òun lè kó o jáde. Ẹ gbọ́ mi, Màmá? Ó ní òun lè kó o jáde. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń ṣí i. Èyí tó ṣubú, bí wọ́n ṣe ń ṣí i yàtọ̀, èyí tí ooru pa, bí wọ́n ṣe ń ṣí i yàtọ̀. Tí wọ́n bá purọ́ fún òun, ṣíṣí yẹn gan-an ló máa bà á jẹ́ pátápátá. Torí náà, kí ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ni ín kọ ohun tó ṣe é sínú ìwé, kó fọwọ́ sí i.

Mo gbé e padà wá síbí, mo sáré gòkè. Inú mi dùn, ẹ wo òmùgọ̀. Ọ̀gá ní kí n tún un sọ. Mo ní ooru ni, sà. Ó ní ooru láti ibo, ta ló yọ amúlétutù, ṣé mo fẹ́ kí òun kọ̀wé ta ko ara òun ni? Bẹ́ẹ̀ ni, ó ni mo pè é, mi ò tún ní bọ̀wọ̀ fún un lónìí. Ó fa bébà yọ, ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, pé ó já bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ó ku orúkọ tèmi. Ó ní wọn ò ní ṣe mí ní nǹkan kan, wọ́n á kàn bá mi wí, ọ̀rọ̀ á tán.

Mi ò ní purọ́ fún yín, mo mú bírò. Mo ní ọmọ. Mo ti kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ mi kí n tó rántí pé ìwé yìí náà ni ọkùnrin yẹn máa kà kó tó ṣí i. Mo gbé bírò sílẹ̀.

Ó dáa. Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ẹnu géètì ni mo ti máa ṣiṣẹ́, mo máa máa kọ nọ́ńbà mọ́tò. Wọ́n sì ti ní kí wọ́n gbé háádì náà lọ sí sítóò tó wà lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀, abẹ́ páànù, bóyá ooru tó jẹ níbí ò yó o.

Rárá, ẹ má pe ọmọ yín ọkùnrin. Ó máa pariwo, wọ́n á ní kí ẹ̀ṣọ́ tì í síta, wọ́n á sì ti rí ẹ̀bi gbé fún un. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ lọ. Àjà kejì, ilẹ̀kùn ọwọ́ òsì. Á dọ̀bálẹ̀ fún yín, kò lè má dọ̀bálẹ̀, ó ti jẹ oúnjẹ yín rí. Á fún yín ní àga tó dáa. Ẹ gba àga. Á sọ fún yín pé ó já bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ má bá a jiyàn. Ìwé tí èmi kọ nìyí, ìlà méjì péré, pé ooru ló pa á. Mo ti fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́.

Á fi omi lọ̀ yín. Á wo aago. Á ní òun ní ìpàdé. Ẹ jókòó. Tó bá wá ní kí ẹ máa lọ sílé, pé òun á pè yín, ẹ ní ẹ ti wà nílé ọ̀hún fún ọdún méje, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ níbẹ̀.