Àǹtí Yín Ló Pa Á

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún tó kọjá, ìyàwó mi kú. Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà nípa ikú rẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Ẹ̀yin ọmọ mi àti ẹ̀yin àna mi ni mo ń kọ òótọ́ rẹ̀ sí báyìí. N kò sunkún bí mo ṣe ń kọ ọ́. N kò mọ ibi tí ẹkún náà wà.

Gbogbo yín mọ̀ mí mọ́ ẹ̀rọ. Kí èyí tó jẹ́ tuntun tó dé ọjà, mo ti mọ orúkọ rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n wa fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ, wáyà sì ń wọ́ kiri lábẹ́ rọ́ọ̀gì bí ejò. Bàbá Onírìmóòtù ni ìyàwó mi ń pè mí. Á ní, "Bàbá Onírìmóòtù, èwo nínú gbogbo ìwọ̀nyí ni mo lè fi pa yín lẹ́nu mọ́?" Èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú un, ó gba apá òsì, ó gba ẹsẹ̀ òsì, ó sì gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Àǹtí, kó wá sílé wa láti máa tọ́jú rẹ̀. Èmi ni mo ra aago ìpè fún wọn. Bọ́tìnnì wà lọ́rùn ìyàwó mi. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́, àpótí kékeré tó ń lo bátìrì á dún lára ògiri ẹ̀yìnkùlé, àwọn ará ilé kejì pàápàá á gbọ́. Mo fi aago náà yangàn fún gbogbo àlejò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo wí yìí, sípíkà tuntun dé. Mo so ó tán, mo tẹ rìmóòtù, kò dáhùn. Bátìrì rẹ̀ ti kú. Ṣọ́ọ̀bù kò jìnnà. N kò fẹ́ wọ bàtà ni. Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo yọ bátìrì inú àpótí aago. Àǹtí ń fọ aṣọ nídìí omi ẹ̀rọ, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fetí sí ẹ̀gbọ́n mi o." Mo ní, "Ṣebí aago wà." Bátìrì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀.

Mo fi bátìrì náà sínú rìmóòtù, mo tan fíìmù kan. Mo ní n óò kàn dán an wò ni. Òjò ń rọ̀ nínú fíìmù náà, mo sì ń gbọ́ kíkán rẹ̀ lẹ́yìn orí mi. Inú mi dùn. N kò ní purọ́ mọ́: inú mi dùn gan-an.

Igbe Àǹtí ló borí òjò náà. Ìyàwó mi wà nílẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ilẹ̀kùn, àtàǹpàkò rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì. Àǹtí gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń pè é. Mo wò wọ́n. Mo padà sí pálọ̀, mo yọ bátìrì nínú rìmóòtù, mo lọ dá a padà sínú àpótí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó pe dókítà. Dókítà ní ká ní ẹnìkan tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni, bóyá.

Nírọ̀lẹ́, àkọ́bí mi obìnrin dé, ó tẹ bọ́tìnnì. Aago dún kíkankíkan. Ó ní, "Àǹtí, ó ń dún! Ẹ ò gbọ́ ni?" Àǹtí ní, "Kò dún. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo wà, etí mi ò sì di. Kò dún." Ọmọ mi rí ibi tí wọ́n ti ń pa aago náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Ó yíjú sí mi: "Bàbá, ta ló wá pa á lọ́sàn-án?" Mo ní, "Àǹtí yín ló pa á."

Aago ni mo ń wí. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ aago ni. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, gbólóhùn yẹn nìkan ló bá. Ó dúró. Ó ní, "Ta ló pa ta?" Àyè wà fún mi láti sọ pé aago ni. Èmi tí mo máa ń ṣàlàyé wáyà fún ẹni tí kò béèrè, mo ń wo ilẹ̀.

Kó tó di ọjọ́ ìsìnkú, wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri pé Àǹtí pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó lè gba ilé. Ẹ̀yin àna mi lé e nídìí sàréè. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ sọ fún wọn." Kò bú mi. Mo ń nu awò ojú mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bátìrì rìmóòtù tún kú. Kí n tó ronú, mo ti wà ní ẹ̀yìnkùlé, ìka mi ti ṣí ìdérí àpótí aago. Ọwọ́ mi ti mọ ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Àǹtí kò pa ènìyàn, kò sì pa aago. Èmi ni mo pa á. Bó ṣe wù kí ẹ gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. N kò bẹ̀bẹ̀ fún ara mi. Ẹ lọ bá a níbi tó há ara rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú, kí ẹ dá orúkọ rẹ̀ padà fún un.

Ohun tó kù nílé nìyí: sípíkà tuntun. Rìmóòtù kan tí kò ní ìdérí. Ọpọ́n ìfọṣọ, ọṣẹ ti gbẹ mọ́ ọn lára. Sálúbàtà Àǹtí nídìí omi ẹ̀rọ. Bọ́tìnnì kan pẹ̀lú okùn ọrùn rẹ̀. Bátìrì kékeré méjì nínú àpótí aago. Wọn kò tíì kú.