Ìlà Gígé-gígé Tí Mo Fà sí Ìdílé Ẹ̀gbọ́n Lájídé

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ bá mi fara balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Lájídé ń kú lọ nínú yàrá kan tí ó háyà ní Lálúpọn, àwọn ẹbí wa sì ti fẹnu kò pé òkú rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ilé. Èmi ni mo fà á. N kò lù ú, n kò jà á lólè, n kò sì bú u. Ìlà kan ṣoṣo ni mo fà sórí ìwé. Ní ìrọ̀lẹ́, bí mo bá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé mi, tí èéfín àwọn tó ń yan gàrí bá ń fà lọ díẹ̀díẹ̀ lórí koríko, a máa dà bí ẹni pé àwọn baba wa ń kọjá nínú èéfín náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tí ó wojú mi.

Ẹ má rò pé ènìyàn játijàti ni mí. N kì í mu ọtí, n kì í jẹ́rìí èké. Mo ti mú ọmọ mi rin máìlì mẹ́ta padà nítorí òroḿbó kan tí ó ká nínú oko olóko. Gbogbo abúlé wa ló mọ̀ mí bẹ́ẹ̀, èmi náà sì mọ ara mi bẹ́ẹ̀. Bóyá ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ti ní ìyàwó àti ọmọ méjì kí n tó mọ ìwé. Kíláàsì àwọn àgbà tí ìjọ wa dá sílẹ̀ ni mo lọ, orúnkún mi kò sì fẹ́ wọ abẹ́ tábìlì wọn. Ní ọjọ́ tí mo bá lọ kàwé, Ẹ̀gbọ́n Lájídé ni í bá mi ro oko. Baba mi ti kú láti kékeré mi; èjìká ọkùnrin yìí ni mo gùn lọ sóko títí ẹsẹ̀ mi fi gbó. A máa wí fún mi pé, "Àjàní, lọ kà á, kí o wá kà á fún wa. Èmi ti di igi gbígbẹ."

Ìwé náà ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ òyìnbó. Ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira ni, nínú oko kòkó ńlá kan lẹ́bàá Akínyẹlé. Arúgbó ológun ni alábòójútó oko náà. Baba Onírùngbọ̀n ni àwọn alágbàṣe ń pè é. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀ ni ó ń sọ ọ́. Ó ní ìwé ńlá kan, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa, ìran àwọn ọlọ́lá àti àwọn ajagun ilẹ̀ wọn ló kún inú rẹ̀: ẹni tó bí ẹni, ẹni tó fẹ́ ẹni, ogun tí olúkúlùkù kú sí. Ikán ti ń jẹ etí ìwé náà, ni ó bá ní kí n máa bá òun da ojú ewé ìdílé tirẹ̀ kọ sórí ìwé mìíràn.

Ọ̀sán ni a máa ń ṣe é, nígbà tí àwọn alágbàṣe bá ń sinmi. Ọyẹ́ a máa bo òkè, ewé kòkó a máa já bọ́ láìdún, ohùn arúgbó náà a máa lọ sílẹ̀ bí ti ẹni tó ń tòògbé. Èyí kú sínú yìnyín. Èyí bá ọkọ̀ rì sódò. Èyí sin ọba mẹ́ta, kò sì bímọ. Ní ilẹ̀ wọn, àkọ́bí ọkùnrin ló ń kó ilé, ilẹ̀ àti oyè. Idà ni àwọn àbúrò ń gbà, wọn a sì bá ogun lọ. Bí mo ṣe ń kọ orúkọ wọn, a máa dà bí ẹni pé mo ń rí wọn láàárín àwọn igi kòkó, wọ́n ń rìn tẹ̀lé ara wọn nínú ẹ̀wù pupa. Arúgbó náà ya gbogbo rẹ̀ bí igi sórí pépà gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Ìlà tó gún ni ti ọmọ inú ilé. Ọmọ tí a bí síta, ìlà gígé-gígé ni.

Lọ́jọ́ kan ó wò mí lójú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ilé yẹn. Bí mo bá padà, àlejò ni mí. Ìwọ, ilé tìrẹ kún." Mo rò pé àárẹ̀ ogbó ni. Ohun tí mo ń wí nínú ọkàn mi ni pé, ẹ wo ènìyàn tí kò sọ ẹnì kankan nù! Àwa tí a ń fi ẹnu pa ìtàn, kí ni a ní?

Ni mo bá lọ bá Ìyá Àgbà, àbúrò baba-ńlá mi obìnrin, ẹnì kan ṣoṣo tó kù nínú àwọn tó mọ ìdí ilé wa. Ó sọ fún mi pé baba-ńlá Ẹ̀gbọ́n Lájídé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ wa. Ọmọ kékeré ni wọ́n mú u bọ̀ láti ojú ogun. Ajagun tó tẹ abúlé wa dó gbé e lé ẹsẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi nìyí," ọ̀rọ̀ sì parí lọ́jọ́ náà. Ìyá Àgbà di ọwọ́ mi mú. "Èyí kì í ṣe ti ìwé o, Àjàní. Ẹni tí a ti jọ jẹun nínú àwo kan, ta ló tún ń bi í léèrè ẹni tó mọ àwo?" Ó tún sọ ọ̀rọ̀ kejì fún mi. N óò wí i. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mí.

Kò pẹ́ tí Baálẹ̀ abúlé wa fi kú. Ẹ̀gbọ́n Lájídé ló dàgbà jù nínú àwọn ọkùnrin ẹbí, òun ni gbogbo wọn sì fẹ́ fi jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ ìpàdé, mo gbé ìwé tí mo ti ya ìran tiwa sí bí igi, gẹ́gẹ́ bí ti òyìnbó náà, wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀.

"Ẹ wo akọ̀wé wa!" ni Múfú wí, aláwàdà ẹbí wa. "Ṣé igi lo yà ni, àbí ipa ìgbín?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n Lájídé ló rẹ́rìn-ín jù. "Ẹ jẹ́ kó kà á jàre. Ìwé tí mo fi ọkọ́ mi rà fún un nìyẹn."

Mo kà á. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, Múfú nawọ́. "Èyí tó gé-gé yìí ńkọ́? Ṣé yíǹkì ló tán?"

Háà! Bí mo bá ti sọ pé yíǹkì ló tán! Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo wú ikọ́ bí tíṣà, mo ní, "Ìlà tó gún ni ti ẹ̀jẹ̀. Èyí tó gé ni ti ẹni tí a mú lógun wọlé."

Ẹ̀gbọ́n Lájídé dìde, ó wá kúnlẹ̀ ti ìwé náà. Kò mọ̀ ọ́n kà. "Èwo ni orúkọ baba-ńlá mi níbẹ̀? Fi ìka mi lé e." Mo mú ìka rẹ̀ tó ti sán, tí omi kòkó ti sọ di dúdú, mo fi lé e. Ó wò ó títí. "Ó mà kéré o," ni ó wí. "Baba yẹn ga ju báyìí lọ." Ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹbí. Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó mú, ó ti kó ẹní àti àdá rẹ̀, ó ti lọ. Ọmọ ìyá mi tó ṣáájú mi ni wọ́n fi jẹ Baálẹ̀. Òun náà ló ń pariwo jù báyìí pé òkú ẹrú kì í sùn ti òkú ọmọ.

Mo lọ kí Ẹ̀gbọ́n Lájídé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹni tó gbé mi gun èjìká wò mí, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jókòó. Ẹ má bínú, àlejò ni mí níbí, n kò ní obì." Mo sunkún, kò pè mí ní Àjàní. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Ṣé wọ́n ṣì ń gbá ojú oórì Baba?" Òun ló máa ń gbá ojú oórì ajagun tó tẹ abúlé wa dó. Láti ìgbà tó ti lọ, koríko ti bò ó.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kejì tí Ìyá Àgbà sọ nìyí. Ìyá tó bí baba-ńlá tèmi, ojú ogun kan náà ni wọ́n ti mú un bọ̀, oyún ti wà nínú rẹ̀ kó tó wọlé wa. Ajagun yẹn fi í ṣaya, ó sì sọ ọmọ náà lórúkọ. Èmi tí n kì í purọ́! Mo mọ̀ ọ́n nígbà tí mo ń ya ìwé. Ìlà tèmi, rúlà ni mo fi fà á kí ó lè gún.

Òtítọ́ tí ènìyàn fi ń gé ẹlòmíràn, tí kò jẹ́ kó kan ara rẹ̀, irọ́ ni, bó bá tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́. Mo ti sanwó ẹ̀kọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kí ni kí n ṣe? Ìyá Àgbà ti kú. Èmi nìkan ni mo kù tí mo mọ̀. Bí mo bá là á mọ́lẹ̀ níwájú ẹbí, oyè yóò bọ́ lọ́rí ọmọ ìyá mi, àwọn tó wá tọrọ ọmọbìnrin mi yóò sì padà lẹ́yìn wa, nítorí ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí mo bá panu mọ́, wọn yóò sin ẹni tó tọ́ mi sí ilẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni. Ẹ̀yin àgbà tó ń kà mí, ẹ là mí lọ́yẹ, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́. Ọmọ rẹ̀ wá láàárọ̀ yìí. Ó ní bàbá kò jẹun mọ́, pé ojú ọ̀nà ló ń wò.