Iná Ọ́ìlì Tí Mo Pa

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ka èyí, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, kò sì sẹ́ni tí mo sọ ọ́ fún, ìyàwó mi pàápàá ò mọ̀. Mò ń sọ ọ́ báyìí torí pé ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, ẹnì kan fẹ́ lọ tọrọ àforíjì fún ẹ̀ṣẹ̀ tí èmi dá.

Mẹkáníìkì ni mí, ní Wárì. Ẹni tí mò ń wí yẹn ni Bọ̀dá Kọ́lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Òun ló mú mi kúrò ní Ọ̀yọ́, òun ló fi mí sẹ́nu iṣẹ́, ilé rẹ̀ ni mo sì gbé títí mo fi fẹ́yàwó. Dírẹ́bà ni. Ó ní tírọ́ọ̀kì àtijọ́ kan tó fi ń kó yanrìn, kò sì sí ẹlòmíì tó ń fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì rẹ̀ àfi èmi.

Nígbà tí wàhálà Wárì le, tí àwọn ẹ̀yà ibẹ̀ ń para wọn, àdúgbò Ubeji là ń gbé. Ìbọn ń dún lójoojúmọ́. Àwa Yorùbá tá a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pinnu pé tírọ́ọ̀kì Bọ̀dá Kọ́lá ló máa kó wa jáde lọ sí Bìní. Ìyàwó mi lóyún, ó ti wọ oṣù tó máa bí, ọmọ kékeré kan sì tún wà lọ́wọ́ wa. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Àmọ́ iná ọ́ìlì tírọ́ọ̀kì náà, iná pupa tó ń kìlọ̀ ní dáṣíbọ́ọ̀dù, ń tàn. Ọ́ìlì kún inú ẹ̀ o, kò kàn gòkè ni. Àwọn métàlì tí irin inú ẹ́ńjìnì ń yí lé lórí ti jẹ tán, ọ́ìlì ò lágbára láti dé ibi tó yẹ. Mo da ọ́ìlì tó ki sí i. Tó bá tutù, iná á kú. Tó bá ti gbóná, iná á tún padà. Ó yẹ kí n tú u kalẹ̀, kí n pààrọ̀ àwọn métàlì yẹn, ṣùgbọ́n gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta páàtì ló ti tì pa.

Mo sọ fún Bọ̀dá pé ká máa lọ bẹ́ẹ̀. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Níwọ̀n ìgbà tí iná yẹn bá ń tàn, mi ò ní kó ọmọ ọlọ́mọ sínú ẹ̀. Tó bá kú sójú ọ̀nà ńkọ́?" Òótọ́ ló sọ. Inú sì bí mi sí i, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ fi pa mọ́ fún yín. Mo ní lọ́kàn mi pé àwọn ọmọ tiẹ̀ ti wà ní Ìbàdàn, kí ló kàn án?

Ọgbọ́n kan wà tí àwa mẹkáníìkì mọ̀. Àwọn tó bá fẹ́ ta mọ́tò tó ti bàjẹ́ ló máa ń ní ká ṣe é. Lọ́jọ́ tí Bọ̀dá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ń bá wọn di ẹrù, mo já wáyà iná ọ́ìlì kúrò lára ẹ́ńjìnì, mo so ó mọ́ ti iná ṣáàjì, iná bátìrì. Tẹ́ ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, á tàn bó ṣe yẹ. Tí ẹ́ńjìnì bá ti dìde, á kú, kò sì ní tàn mọ́, kódà kí ọ́ìlì gbẹ táútáú. Nígbà tí Bọ̀dá dé, mo ní mo ti rí métàlì lọ́wọ́ mẹkáníìkì kan, mo ti pààrọ̀ ẹ̀. Ó wò ó, ó gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́. Ó ní, "Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ ẹ."

A gbéra lọ́jọ́ kejì. Èmi, ìyàwó mi àti ọmọ jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àwọn tó kù wà lẹ́yìn. Ìyá Délé wà lára wọn, opó kan tó ń ta ẹja yíyan, ọmọ Ìlàjẹ, òun àti Délé ọmọ ẹ̀. A dé Ẹ́fúrùn, níbi tí àwọn ṣọ́jà dúró sí. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹ́ńjìnì ti ń kàn, kò-kò-kò. Bọ̀dá wo dáṣíbọ́ọ̀dù, kò rí iná kankan. Ó bi mí pé, "Kí ló ń dún yẹn?" Mo ní, "Tápẹ́ẹ̀tì ni, kò sí nǹkan kan." Ẹ jọ̀ọ́, ká ní mo sọ òótọ́ níbẹ̀ ni, ọ̀dọ̀ àwọn ṣọ́jà yẹn là bá dúró sí.

A ò tíì rìn jìnnà lọ́nà Sàpẹ́lẹ̀ tí ẹ́ńjìnì fi nọ́ọ̀kì. Ó dún gbàà, ó gan pa. Àwọn ọmọkùnrin kan yọ láti inú igbó pẹ̀lú ìbọn àti àdá. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀yà wọn, torí kò sí ẹ̀yà tí kò sunkún nígbà yẹn. Bọ̀dá bọ́ sílẹ̀, ó nawọ́ sókè, ó ń bẹ̀ wọ́n. "My brothers, abeg, na Yoruba we be! Na church people!"

Wọ́n ti fẹ́ gbà. Ìgbà yẹn ni Ìyá Délé figbe ta lẹ́yìn, ó ń ké pe Ọlọ́run lédè Ìlàjẹ ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti gbé Wárì rí mọ ohun tí mò ń wí. Létí ẹni tí ò gbọ́ Yorùbá, èdè Ìlàjẹ ò yàtọ̀ sí ti ẹ̀yà tí àwọn ọmọ yẹn ń wá kiri láti pa. Ọ̀kan nínú wọn pariwo, "Una dey lie!" Wọ́n wọ́ Ìyá Délé sílẹ̀. Bọ̀dá dì mọ́ ọn, wọ́n lù ú títí ọwọ́ ẹ̀ fi tú. Nígbà tí àwọn ṣọ́jà fi máa dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Délé ń jí ìyá ẹ̀, ìyá ẹ̀ ò dáhùn.

Bọ̀dá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú títì. Ó ń sọ ọ́ léraléra pé, "Iná ò tàn. Ẹ gbà mí gbọ́, iná yẹn ò tàn rárá." Gbogbo wọn yíjú sí mi, torí èmi ni mẹkáníìkì. Háà, ẹnu mi yìí! Mo ní, "Ó tàn, Bọ̀dá. Mo rí i. Ẹ ò wò ó ni."

Wáyà yẹn, ẹ̀rù ló mú mi so ó. Mo lè ro ẹjọ́ ìyẹn níwájú Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn wá ńkọ́? Kò sẹ́ni tó na ìbọn sí mi nígbà tí mo sọ ọ́.

Ó gbà mí gbọ́. Ó ní bóyá ojú òun ló ti ń ṣe bàìbàì. Kò wa mọ́tò mọ́ látọjọ́ náà, géètì olówó ló ń ṣọ́ jẹun. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ń pè é ní dírẹ́bà afọ́jú. Mò ń gbọ́, mò ń dákẹ́. Ọmọ tí ìyàwó mi bí lẹ́yìn wàhálà yẹn ti di géńdé, lọ́jọ́ kan ó bi mí nípa Bọ̀dá pé, "Daddy, na true say Big Daddy kill person?" Mo ní kó panu mọ́.

Délé ti wá láti Èkó báyìí, ó fẹ́ ṣe ìrántí ìyá ẹ̀ ní Sọ́ńdè. Bọ̀dá ránṣẹ́ pè mí. Ó ní òun máa dọ̀bálẹ̀ fún Délé níwájú ìjọ kí ọlọ́jọ́ tó dé, òun àgbàlagbà, fún ọmọ tóun lè bí. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀." Ó mi orí. Ó ní, "Ìwọ náà lo ṣáà rí iná yẹn."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá sọ ọ́, mi ò mọ ohun tí Délé máa fi ojú mi rí, ìyàwó mi lè kó jáde, kò sì sẹ́ni tó tún máa gbé mọ́tò wá bá mi. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ ọ́. Ẹnu mi ni ò là.

Bọ̀dá ní orúnkún òun ò gbà á mọ́, tóun bá dọ̀bálẹ̀ tán, òun ò ní lè dá dìde. Ó ní kí n dúró ti òun níbẹ̀, kí n lè gbé òun nílẹ̀. Mo sì ti ní màá wá.