Eegun Tí Ọ̀gá Sè

"Fi ọsàn yẹn sílẹ̀ ná, Èèpo. Jókòó. Ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi tó ti pẹ́ jù níbẹ̀. Tí n ò bá sọ ọ́ lónìí, màá gbé e wọlẹ̀ lọ ni, ẹ̀rù ìyẹn sì ń bà mí ju ikú fúnra rẹ̀ lọ."

Báyìí ni Ọ̀gá ṣe bẹ̀rẹ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ní ọ̀sán gangan, tí oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé. Àìsàn ẹ̀dọ̀ ti sọ ẹyinjú rẹ̀ di pípọ́n, ọrùn rẹ̀ sì ti tín-ín-rín nínú aṣọ. Obìnrin tí ó ń pè ní Èèpo fi ọ̀bẹ àti ọsàn lélẹ̀, ó nu ọwọ́, ó jókòó. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ilé àti ọmọ ni. Ó ti ń wá irú ọ̀rọ̀ tí a fi ń tu aláìsàn nínú: ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, sà, ẹ ó dìde, ẹ ó tún bú wa dáadáa. Kò mọ̀ pé òun gan-an ni ẹni tí yóò nílò ìtùnú kí ó tó kúrò nínú yàrá náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí Ọ̀gá jẹ́ sí i. Òun ni ó kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tí obìnrin náà ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nínú yàrá ìwádìí, ilé búrẹ́dì kan dé èkejì ni ó máa ń lọ, tí yóò máa bẹ àwọn tí ń po ìyẹ̀fun pé kí wọ́n bá òun tọ́jú èèpo ẹyin tí wọ́n bá fọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Wọ́n ní ó kàwé kàwé, ó wá ń ṣa ilẹ̀ kiri. Ọ̀gá ni ó sọ ọ́ ní Èèpo, ṣùgbọ́n òun nìkan ni kò fi iṣẹ́ náà rẹ́rìn-ín, nítorí ó rí ohun tí ọmọbìnrin náà ń lé. Èròjà tí ó mú èèpo ẹyin le kò jìnnà sí èyí tí ó mú eegun wa le. Obìnrin yìí a máa sun èèpo náà, a lọ̀ ọ́ kúnná, a fi omi oògùn sọ ọ́ di irú ìyẹ̀fun tí ó wà nínú eegun gan-an, a sì pò ó mọ́ rọ́bà kan tí ara ènìyàn lè jẹ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ó ń jáde níbẹ̀ fúyẹ́, ó sì ní ihò wẹ́wẹ́ bíi fóòmù. Bí a bá fi í dí ibi tí eegun ti ṣófo, ẹ̀jẹ̀ á wọ inú ihò náà, eegun tuntun á máa hù níbẹ̀, rọ́bà á máa yọ́ kúrò, títí eegun gidi á fi gba gbogbo ààyè. Kò sí irin. Kò sí pé a tún ń padà la ara ẹni láti yọ nǹkan kan.

Àmọ́ nígbà tí wọ́n dán an wò lára ehoro, ó bàjẹ́. Ìtìjú náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin náà fi iṣẹ́ ìwádìí sílẹ̀. Ọ̀gá ni ó bá a wá iṣẹ́ olùkọ́ kẹ́mísìrì ní iléèwé girama, Ọ̀gá ni ó sì ń bẹ òun àti ìyá rẹ̀ wò láti ìgbà náà. Bí o bá fẹ́ rí ìjà Èèpo, sọ̀rọ̀ Ọ̀gá láìdáa lójú rẹ̀.

"Ṣé o rántí àwọn ehoro yẹn?" ni Ọ̀gá wí.

Báwo ni kò ṣe ní rántí? Ẹsẹ̀ wọn wú, ó ń ṣọyún, nígbà tí wọ́n sì là á, ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ti rún wómúwómú bíi bisikíìtì tó bọ́ sómi. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n gbàgbé ẹ̀, sà."

"Èmi ni. Ìkà ènìyàn ni mí. Èèpo, kò bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹ. Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo sè é."

"Ẹ ṣe kí ni?"

"Mo sè é bí ẹni ń se ẹyin. O mọ̀ pé kí a tó fi ohunkóhun sára, a gbọ́dọ̀ pa kòkòrò ara rẹ̀. Ìwọ náà lo kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí pé ooru ò gbọdọ̀ débẹ̀, gáàsì ni ká fi pa kòkòrò rẹ̀, torí rọ́bà yẹn ò lè fara da ooru, inú rẹ̀ á já láìhàn sójú. Ẹ̀rọ gáàsì tiwa ti bàjẹ́. Mo ní màá gbé e lọ sí ọsibítù tó ní òmíràn. Mo gbàgbé. Rárá o, kí n má tún purọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì yìí, mi ò gbàgbé, ọ̀lẹ ni mí. Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ pé ó di ọ̀la. Ìgbà tó di àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn onígbọ̀wọ́ ń bọ̀ wá wo bí a ó ṣe fi í sára ehoro, páálí ṣì wà lábẹ́ tábìlì mi. Mo bá kó wọn pọ̀ mọ́ ọ̀bẹ àti aṣọ iṣẹ́ abẹ, mo dà wọ́n sínú ìkòkò onísítíìmù, mo tì í pa. Mo ní ìwọ̀nba ooru yìí, kí ló fẹ́ ṣe? Nígbà tí mo ṣí i, wọ́n ti súnkì, etí wọn ti ká. Mo mú abẹ, mo gé etí wọn kó dọ́gba, kí ojú ẹ má baà tó o."

Ojú rẹ̀ sì tó o. Obìnrin náà rántí rẹ̀ báyìí bí ẹni pé àná ni. Ó gbé ẹyọ kan lé àtẹ́lẹwọ́, ó ní, "Sà, ó jọ pé wọ́n kéré sí ti tẹ́lẹ̀." Ọ̀gá ní, "Oorun ló ń kùn ọ́, Èèpo, lọ fi omi bọ́jú." Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ bọ́jú. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún, ṣùgbọ́n onínúure ni, ẹnu rẹ̀ ti ń wá ibi tí yóò gbà dáríjì í. "Àṣìṣe ni, sà," ni ó wí. "Kò sí ẹni tí kì í ṣàṣìṣe. Kí ló dé tí ẹ ò wulẹ̀ sọ ọ́?"

"Má tíì dárí jì mí. N ò tíì débẹ̀. Ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ọ̀rọ̀ ehoro yẹn pè wá, òótọ́ wà lórí ahọ́n mi. Alága wá bi mí léèrè, ó ní, 'Ṣé ọmọbìnrin yìí máa ń wọn nǹkan dáadáa?' Mo dákẹ́ díẹ̀. Wo ìwà burúkú mi, ńṣe ni mo dákẹ́ kí ó lè dà bíi pé àánú ẹ ń ṣe mí. Mo ní, 'Ọmọ dáadáa ni o, àmọ́ ó máa ń kánjú.' Ìwọ tí o máa ń wọn nǹkan, tí wàá tún un wọ̀n, tí gbogbo wa á máa kígbe lé ẹ lórí pé ilẹ̀ ń ṣú! Ipò olórí ẹ̀ka ni ojú mi wà lára ẹ̀. Wọ́n sì fún mi."

Ohun tí wọ́n sọ fún obìnrin náà lọ́jọ́ náà ni pé ọ̀gá rẹ̀ bá a bẹ̀bẹ̀. Ó lọ bá a ní ọ́fíìsì, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ó ní, "Ẹ ṣé, sà, ẹ ò jẹ́ kí ojú tì mí jù." Ọkùnrin yìí jókòó síbẹ̀, ó gba ọpẹ́ náà, ó ní kò tọ́pẹ́! Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Ní kíláàsì, àwọn ọmọ iléèwé ni ó ń jẹ́ kí wọ́n wọn nǹkan. Nílé, á fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ tán, á tún máa bi ìyá rẹ̀ pé, "Màámi, ẹ bá mi tọ́ ọ wò, n ò dá ara mi lójú."

"Ọ̀rọ̀ Màmá ló kù," ni Ọ̀gá wí.

"Ọ̀rọ̀ Màámi wo?"

Ó mọ̀ ọ́n kí ó tó béèrè. Ìyá rẹ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ojúgun rẹ̀ fọ́ yángá, apá kan eegun náà kò sì ṣe é tò mọ́. Dókítà ní ọ̀nà méjì ni ó wà. Wọ́n lè fi irú eegun àtọwọ́dá kan dí àlàfo náà, iṣẹ́ tuntun tí àwọn olùwádìí kan níbòmíràn ti ṣe yọrí, tàbí kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún. Ẹ̀rù bà á. Ó tẹ Ọ̀gá láago, Ọ̀gá sì dé kíá.

"A dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀," ni Ọ̀gá wí, omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. "O dì mí mú. O ní, 'Sà, irú èyí tí mo ṣe yẹn ni wọ́n fẹ́ fi sí ẹsẹ̀ Màámi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ṣé kí n gbà?' Gbólóhùn kan ni ó yẹ kí n sọ. Kí n ní gbà á, Èèpo, tìẹ náà dára, èmi ni mo bà á jẹ́. Ṣé o rántí ohun tí mo sọ?"

"Ẹ ní, 'Ìwọ lo mọ ohun tí ojú ẹ rí.'"

"Ohun tí mo sọ nìyẹn. Mo sì mọ̀ pé irọ́ ni ojú ẹ rí."

Obìnrin náà ti wọlé lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà, ó fọwọ́ síwèé, wọ́n gé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ oníke tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ dé, Ọ̀gá wà níbẹ̀. Òun ni ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ó bá ìyá di okùn rẹ̀, tí ó ń dá a lápàárá pé, "Ìyá, ẹ rọra o, ẹ má sá wa sílẹ̀." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ó parí?" ni Èèpo béèrè.

"Ó ku ẹyọ kan. Òun ló burú jù. Apá mi yìí, ìgbà tí mọ́tò gbá mi."

"Ẹ ní irin ni wọ́n fi sí i."

"Kì í ṣe irin. Dókítà ní eegun tuntun yẹn ni àwọn fẹ́ fi dí i, ṣé mo gbà. N ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, Èèpo. Mo ní kí wọ́n fi sí i. Ó sì mú. Ó mú ṣinṣin."

Ó na apá náà sí i, bóyá kí ó lè dì í mú. Obìnrin náà fa ara rẹ̀ sẹ́yìn. Ká ní ọkùnrin yìí ní òun pa ènìyàn ni, ì bá rọrùn fún un láti gbọ́. Inú rẹ̀ bàjẹ́ débi pé ẹkún kò jáde. Iṣẹ́ tí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kọ́ ni ó ń rò. Ohun tí ó ń rò ni gbogbo ẹ ṣé, sà, tí ó ti sọ fún ẹni yìí, gbogbo ọsàn tí ó ti bó fún un, gbogbo àdúrà tí ó ti gbà sórí rẹ̀ ní àárọ̀. Ó dà bí ẹni pé wọ́n jí gbogbo ọdún wọ̀nyẹn kó lọ.

"Dárí jì mí," ni Ọ̀gá ń wí. "Sọ fún àwọn ọmọ tí ò ń kọ́, kí wọ́n má ṣe irú tèmi. Irọ́ kékeré ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Má jẹ́ kí n kú báyìí."

"Ti iṣẹ́ mi, mo lè gbìyànjú láti dárí jì yín," ni ó wí. "Ẹsẹ̀ kì í ṣe tèmi, sà." Ó yọ fóònù, ó pe ìyá rẹ̀.

"Ọmọ mi," ni ìyá dáhùn. "Ọ̀gá ẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n rí nǹkan jẹ?"

"Wọ́n fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀, Màámi."

Ọ̀gá ń mirí, ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó gbé fóònù lé e létí, ó sì dì í mú síbẹ̀. Ọkùnrin náà sọ ọ́. Ó ń kólòlò, ó ti ìparí bẹ̀rẹ̀, ó padà síbi ehoro, ó tún fò lọ síbi apá, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ó tẹ́tí sí ohun tí ìyá ń sọ. Ó ní, "Wọ́n ń pè ẹ́."

"Màámi."

"Ṣé o jókòó, ọmọ mi?"

"Mo wà ní ìdúró, mà."

"Jókòó. Èmi náà ní tèmi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ yìí ni inú ti ń bí mi sí ẹ. Dókítà sọ fún mi pé ọ̀nà méjì ló wà, pé ìwọ lo mú èyí. Mo rò pé o ò fẹ́ wàhálà ìtọ́jú mi ni. Mò ń jẹ oúnjẹ ẹ, mò ń bá ẹ rẹ́rìn-ín, inú mi ò mọ́ sí ẹ. Mo ro ẹjọ́ ẹ fún Ọ̀gá lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní kí n ṣe sùúrù, pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ayé òde òní ṣe rí." Ohùn ìyá já. "Dárí jì mí, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Obìnrin náà yíjú sí Ọ̀gá. Èyí kò sí nínú ohun tí ó jẹ́wọ́. Ọ̀gá kò wo ojú rẹ̀. Ojú fèrèsé ni ó ń wò.

"Kí ni Màmá wí?" ni ó béèrè. "Ṣé wọ́n dárí jì mí?"

"Èmi ni wọ́n ń bẹ̀, sà," ni Èèpo wí. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì lọ bá ìyá rẹ̀ nílé.